Ẹ̀kọ́ Ìjíròrò: Ẹran Ìgbẹ́ àti Ẹran Ọ̀sìn

Ẹ kà: Diutarónómì 22:6–7, Òwe 12:10

Àwọn kan nínú wa gbà pé ìkà ni ọdẹ, nítorí ó ń pa ẹran tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ń sin ẹran ni ó burú jù, nítorí ọwọ́ tí ó fi ń bọ́ ẹran náà ni yóò fi mú ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

(1) Ti ọdẹ. Ẹtu inú igbó ń jẹ̀ káàkiri bí ó ti wù ú títí di ọjọ́ tí ìbọn bá bà á. Bí ọdẹ bá mọ ìbọn í yìn, ìrora náà kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n tàkúté tí a dẹ, tí a kò bẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyà lásán ni. Bákan náà, ọmọ kan ṣoṣo ni ẹtu ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá pa aboyún rẹ̀ ti pa méjì. Òfin tí a kà gba ènìyàn láàyè láti kó ọmọ ẹyẹ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ìyá lọ, kí irú má bàa parun.

(2) Ti ọlọ́sìn. Ọ̀yà a máa bí tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan sì ti ń sìn ín nílé, ní Nàìjíríà àti ní Benin. Èyí dára, ó ń dín ìdẹ̀gbẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹran tí a sé mọ́lé kò lè wá omi fún ara rẹ̀. Adìẹ tí a há mọ́ inú àgò wáyà, tí kò rí àyè na ìyẹ́, oúnjẹ nìkan kò tó o. Ọjọ́ ìkẹyìn ẹran ni ó wà lọ́wọ́ ọdẹ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń sìn ín. Nítorí náà ìṣirò ti ọlọ́sìn ni ó pọ̀ jù.

(3) Ti àwa tí ń rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ìbọn, a kò sì ní agbo ẹran. Ṣùgbọ́n a ń so adìẹ lẹ́sẹ̀, a ń gbé e kọ́ ara alùpùpù, orí rẹ̀ ń mì nísàlẹ̀ láti ọjà dé ilé. Àwọn oníṣòwò wa ń kó màlúù àti ewúrẹ́ sínú ọkọ̀ láti òkè Ọya lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ta ni ó ń bi awakọ̀ bóyá wọ́n mu omi lọ́nà? Láti ìgbà tí a ti san owó ni ìṣirò náà ti di tiwa. Àwọn àgbà ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ìbéèrè:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin pípa ẹran àti fífi ìyà jẹ ẹ́?
2. Kí ni a lè yí padà nínú bí a ti ń gbé ẹran ọdún wálé?