Ọkọ Wà ní Fàráńsé, Ìyàwó Wà ní Kétu: Níbo ni Ọ̀nà Físà Ti Bẹ̀rẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ tòní kan ọ̀pọ̀ ilé. Ọkọ ti lọ sí Fàráńsé, ó ríṣẹ́, ó ń fowó ránṣẹ́. Ìyàwó wà nílé pẹ̀lú ọmọ, ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á yọjú, á ní: "Ìyá ọmọ, mú owó wá, mo mọ èèyàn ní Kùtọ̀nù tó ń ṣe físà." Ìyàwó á ta aṣọ, á kó owó èsúsú lé e lọ́wọ́. Oṣù díẹ̀ sí i, owó ti lọ, físà ò dé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: físà ìyàwó kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Mérì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló kan ọkọ tó wà lọ́hùn-ún.

Ohun kìíní ni ìgbéyàwó mérì. A ní ìdána, a ní yìgì, a ní ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ dára, òun ló so ẹbí méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó jáde lọ́dún 2004 sọ pé ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ mérì so nìkan ló ní agbára lójú òfin. Ìwé yẹn náà ni àwọn Fàráńsé máa bèèrè. Bí fọ́tò ìdána kún àpótí, tí ìwé mérì ò sí, wọn ò ní kà yín sí tọkọtaya. Nítorí náà, ọmọge tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń múra ìrìn-àjò, ẹ lọ sí mérì kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bó bá ti lọ ná, kó wá sílé fún ìsinmi, kẹ́ ẹ jọ lọ.

Ohun kejì ni pé kí ìwé yín fẹnu kò. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wa. Ìwé ìbí kọ Adéchina, paspọ́ọ̀ kọ Adeshina, ìwé ìgbéyàwó tún kọ òmíràn. Ìwé kan kọ ọjọ́ àti oṣù, òmíràn kọ ọdún nìkan. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní kọ́ńsúlà, ó lè jẹ́ èèyàn méjì. Ẹ gba ìwé ìbí tuntun lọ́dọ̀ ANIP, kẹ́ ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀ lórí ẹní, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan wé èkejì. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ mérì tàbí ANIP ọ̀nà tí òfin là láti tún un ṣe. Ẹ má fi báírò yí i padà o!

Ohun kẹta: irú ìwé wo ni ọkọ ní lọ́hùn-ún? Ọ̀nà méjì ló wà.

Bí ọkọ bá ti di ọmọ Fàráńsé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe níbí sínú ìwé àkọsílẹ̀ Fàráńsé, nípasẹ̀ kọ́ńsúlà wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó á bèèrè físà. Wọn kì í gba owó físà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ Fàráńsé.

Bó bá jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ṣì ni, tó ń lo séjour, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ bèèrè, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ OFII. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé fún oṣù 18. Wọ́n á wo owó tó ń wọlé fún un láàárín oṣù 12, bóyá ó tó SMIC, ìyẹn owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí. Wọ́n á wo ilé rẹ̀: fún tọkọtaya láìsí ọmọ, ó gbọ́dọ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 22 sí 28, bí agbègbè bá ṣe rí. Bí ìyàwó kan bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò ní gba èkejì. Ẹ fi àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sínú ìwé kan náà, nítorí ìdílé lápapọ̀ ni òfin fẹ́ kí wọ́n bèèrè fún. Préfet ní oṣù mẹ́fà láti dáhùn lẹ́yìn tí ìwé bá pé. Bí wọ́n bá gbà, ìgbà náà ni ìyàwó á bèèrè físà ní Kùtọ̀nù. Owó físà yìí jẹ́ yúrò 99, ó sún mọ́ 65.000 fáráǹkì sẹ́fà. Ilé tó ń gba ìwé lè gba owó iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹni tó bá ṣe ayédèrú ìwé fún yín, ẹ̀yin ló fi sínú ewu. Kọ́ńsúlà lè kọ̀wé sí mérì láti mọ̀ bóyá ìwé náà wà nínú àkọsílẹ̀. Tí wọ́n bá rí irọ́, wọ́n á kọ̀, irọ́ náà á sì máa tẹ̀ lé orúkọ yín. Bí wọ́n bá kọ físà láìtọ́, ọ̀nà wà: ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó wà ní Nantes láàárín ọjọ́ 30. Ẹ má jókòó sunkún títí ọjọ́ á fi kọjá.

Ẹni tó bá sì débẹ̀, kó má sinmi tán. Físà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fún ẹni tó ń ta físà, ẹ fi tún ìwé yín ṣe.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:

1. Tọkọtaya mélòó ní abúlé wa ló ní ìwé mérì? Kí ló dí àwọn yòókù lọ́wọ́?
2. Ẹ mú ìwé ìbí àti paspọ́ọ̀ yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ṣé orúkọ àti ọjọ́ inú wọn bára mu?
3. Bí ẹnì kan bá ní òun ń ta físà, kí la máa bi í ká tó yọ owó?