Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Di Àmùrè Ogun

Bíbélì kíkà: Jóṣúà 22:10-34
Àkọ́sórí: Òwe 18:13

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ètò ìdágbére fún àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ ti sún mọ́lé, ẹnìkan wá kọ ọ́ sí gúrúùpù WhatsApp ìdàpọ̀ wa pé: “Owo wa lowo akapo.” Kò fi àmì ohùn sí i. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé owó wà nílẹ̀, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n akápò kà á sí pé owó wa ti há sọ́wọ́ òun, pé wọ́n ń pe òun lólè. Ó fèsì: “Mo ti tọ́jú ohun tí ẹ kọ yìí o. Ẹ má gbàgbé pé lọ́yà ni ẹ̀gbọ́n mi.” Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdàpọ̀ ti pín sí méjì.

Irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun ní Ísírẹ́lì.

1. Wọ́n gbọ́ nípa pẹpẹ, wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yà Rúbẹ́nì, Gádì àti ààbọ̀ ẹ̀yà Mánásè mọ pẹpẹ ńlá kan lẹ́bàá Jọ́dánì. Àwọn yòókù péjọ sí Ṣílò láti bá wọn jà (ẹsẹ 12). Ìbẹ̀rù wọn nídìí: ẹ̀ṣẹ̀ Ákánì ti kó gbogbo wọn sí wàhálà rí (ẹsẹ 20). Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

2. Wọ́n rán èèyàn kí wọ́n tó rán idà. Fíníhásì àlùfáà àti olórí 10 lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ le, ó dà bí ìdájọ́. Síbẹ̀, wọ́n dúró gbọ́ èsì. Pẹpẹ náà kì í ṣe fún ẹbọ. Ẹ̀rí ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún àwọn ọmọ wọn lọ́la pé wọn kò ní ìpín nínú Olúwa. Ohun tí wọ́n pè ní ìyapa, nítorí ìṣọ̀kan ni wọ́n ṣe mọ ọ́n! Wọn kò sọ̀rọ̀ ogun mọ́ (ẹsẹ 33).

3. Òfin kì í ṣe pàṣán ìdẹ́rùbani. Òótọ́ ni pé òfin wà lórí ohun tí à ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: Nàìjíríà ṣe Cybercrimes Act ní 2015, wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2024. Pọ́ọ̀lù pàápàá ké gbàjarè sí Késárì (Ìṣe 25:11). Ẹni tí wọ́n bá ṣe níbi ní tòótọ́ lè wá ààbò òfin, kí ìdàpọ̀ má sì pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ àárín ará, Pọ́ọ̀lù ní ká yanjú rẹ̀ láàárín ara wa (1 Kọ́ríńtì 6:1-8). Akápò yẹn kò pẹjọ́, kò sì béèrè ọ̀rọ̀. Ó kàn fi ìbẹ̀rù dí ẹnu arákùnrin rẹ̀ ni.

Ohun tí a ó ṣe: Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó tàbí orúkọ ẹlòmíràn, fi àmì sí i. Bó bá dùn ọ́, pe ẹni náà kí o tó fèsì. Bí o bá ṣì í kà, ibi tí o ti fẹ̀sùn kàn án ni kí o ti tọrọ àforíjì.

Ìbéèrè: Ta ni o ti dá lẹ́jọ́ láìtíì gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ìgbà wo lo máa pè é?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní etí Fíníhásì, kí a lè gbọ́ kí a tó jà. Àmín.