Ẹ́ńjìnnì Àlòkù

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaro lọ sí Ayétòrò, àti láti Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ ní ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà pẹ̀lú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, alùpùpù ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òun ni í gbé ẹ̀gẹ́ jáde láti oko. Òun ni í gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Òun náà ni í gbé olùkọ́ dé abúlé tí mọ́tò kì í yà sí. Nígbà kan rí, ọkọ̀ ojú irin a máa ti Ifọ̀ wá sí Ìlaro, a sì máa lọ títí dé Ìdógò láti kó ẹrù oko, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí fèrè rẹ̀ ti dákẹ́. Ọ̀kadà ni gbogbo ènìyàn ń pe alùpùpù tí ń gbé èrò, a sì yá orúkọ náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Àwọn ará òdì-kejì ààlà ń pe tiwọn ní zémidjan, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘gbé mi kíákíá’ ní èdè Fọ̀n. Orúkọ yòówù tí ó ń jẹ́, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ni a ń mọ iye ẹnu tí ó ń bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbé èrò ní ọ̀nà Ayétòrò sí Ìmẹ̀kọ. Kì í ṣe owó tirẹ̀ ni ó fi ra alùpùpù rẹ̀. Alàájì kan ni ó rà á fún un, òun sì ń san owó náà padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, bí òjò rọ̀, bí ọ̀gbẹlẹ̀ dá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ rẹ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi òòlù kékeré lu ìkòkò irin. Ó ń rí èéfín aláwọ̀ aró tí ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá ti san ti ọ̀sẹ̀ yìí tán, òun yóò lọ rí mẹkáníìkì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pẹ̀lú èrò méjì àti àpò àgbàdo lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà han gooro lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn wọ́ ilẹ̀, alùpùpù sì dúró gbagidi. Kíìkì kò ṣeé tẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tì í dé ìsọ̀ mẹkáníìkì, àgbà oníṣẹ́ náà kò tíì mú sípánà lọ́wọ́ tí ó fi béèrè pé, “Ọmọ mi, ìgbà wo ni o pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?”

“Ọ̀gá, mo máa ń bù kún un.”

“N kò béèrè bíbù kún. Pípààrọ̀ ni mo béèrè.”

Ọmọkùnrin náà dorí kodò. “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi wá àlòkù kan fi sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ san owó.”

“Àlòkù kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa èyí, ṣé o fẹ́ kí ó pa ìyẹn náà ni? Ohun tí ó ṣe àkàlàmàgbò tí ó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bí ó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mọ́ ẹyin rẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ àgbà yìí kò ní yé ẹni tí kò mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ará Jámánì kan, Nikolaus Otto, ni ó mú kí ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin ṣiṣẹ́ dáradára ní ọdún 1876. Ní ọdún 1885, Gottlieb Daimler, ará Jámánì bákan náà, gbé ẹ́ńjìnnì kékeré ka orí kẹ̀kẹ́ tí a fi igi ṣe. Ìlànà Otto ni a ṣì ń lò. Nínú ihò róbótó kan tí à ń pè ní sìlíńdà ni písítìn ti ń lọ sókè sódò. Ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróò wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ṣá iná sí wọn, iná náà bú gbàmù, ó sì ti písítìn sọ̀ kalẹ̀ tagbáratagbára. Písítìn tún gòkè, ó ti èéfín jáde. Ọ̀pá irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́nrọ́ọ̀dù ni ó so písítìn mọ́ irin tí ń yí nísàlẹ̀, òun ni ó sì ń sọ lílọ-bíbọ̀ di yíyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni písítìn ń lọ tí ó ń bọ̀ báyìí láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nínú gbogbo eré yìí, irin kò gbọdọ̀ fi ara gbo irin. Ọ́ìlì ni ó ń là wọ́n. Nínú alùpùpù kékeré bí irú Bajaj Boxer tí ó pọ̀ ní ọ̀nà wọ̀nyí, ọ́ìlì náà kò ju nǹkan bí lítà kan lọ, ọ̀kan ṣoṣo yìí náà ni gíà àti kílọ́ọ̀ṣì sì ń lò. Bí ó bá pẹ́ jù, a dúdú, a ṣàn bí omi, agbára rẹ̀ a tán. Ẹni tí ó bá ń bu tuntun lé ògbólógbòó dà bí ẹni tí ń bu omi tútù sí ọbẹ̀ tí ó ti kan. Eruku pupa ojú ọ̀nà náà kò gbẹ́yìn: bí fílítà tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ bá ti ya, eruku a bá afẹ́fẹ́ wọlé, a sì máa ha inú sìlíńdà bí ẹni fi ewé eépín ha igi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí lára, kì í ṣe omi, ìdí sì nìyí tí a fi ṣe ìyẹ́ wẹ́wẹ́ sí ara wọn. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a dí àárín ìyẹ́ náà, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà a máa fọ táńkì títí yóò fi máa dán bí dígí, wọn kì í bẹ ìsàlẹ̀ wò.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì ọmọkùnrin náà, kọ́nrọ́ọ̀dù ti já, ó sì ti lu ilé ẹ́ńjìnnì ní ihò. Bí ó bá jẹ́ ríǹgì nìkan ni ó jẹ, wọn ì bá gbẹ́ sìlíńdà kí wọ́n sì fi písítìn tuntun sí i. Èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Owó ẹ́ńjìnnì tuntun kò sì sí.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì àlòkù ń gbà dé ìsọ̀. Òmíràn ti òkè òkun wá, òun ni a ń pè ní tòkunbọ̀. Òmíràn ni a tú lára alùpùpù tí ó ní ìjàǹbá, tí férémù rẹ̀ wọ́ ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yè. Nnewi ní ilẹ̀ Ìgbò ni ọjà ńlá ẹ̀yà ara alùpùpù wà. Àwọn ará Yewa tún ní ọ̀nà mìíràn nítòsí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìlà pín ilẹ̀ yìí ní ọdún 1889, Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ sì bọ́ sí apá kejì, ṣùgbọ́n ìlà kò dí ẹsẹ̀ ọmọ ìyá. Èbúté Kútọnu, tí ọkọ̀ àlòkù ti ń sọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kò sì jìnnà. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 a ti ààlà, a kò sì ṣí ibodè Ìdí-Ìrókò padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ojú pọ́n àwọn tí ń jẹun lójú ọ̀nà náà ní ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ́ńjìnnì méjì ni oníṣòwò kó síwájú wọn. Wọ́n ti fọ ọ̀kan, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà fàdákà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó èkejì. Èkejì kún fún eruku, ọ̀rá sì dì mọ́ ọn lára. Ojú ọmọkùnrin náà lọ síbi tí ń dán. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì fi àkísà nu abẹ́ rẹ̀, ó sì wo ibi tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó wà: wọ́n ti fi fáìlì ha á dànù.

Nọ́ńbà méjì ni ó wà lára alùpùpù, ọ̀kan lára férémù, ọ̀kan lára ilé ẹ́ńjìnnì, méjèèjì ni a sì máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Kò sí olóòótọ́ tí í ha nọ́ńbà dànù. Ẹni tí ó bá ra irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè máa gun ohun tí a jí gbé lọ́wọ́ aláìṣẹ̀ kan ní Ìgbógílà tàbí ní Pobè, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá sì bẹ̀rẹ̀ wò ó ni ọwọ́ pálábá rẹ̀ yóò ségi. Òfin ka gbígba ẹrù olè sí ẹ̀ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà náà ti wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un.

Mẹkáníìkì kọjú sí eléruku. Nọ́ńbà rẹ̀ hàn, rìsíìtì rẹ̀ sì wà. Ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dí ihò náà, ó ní kí ọmọkùnrin náà tẹ kíìkì. Afẹ́fẹ́ ta àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, èyí tí ó fi hàn pé ríǹgì rẹ̀ ṣì di sìlíńdà mú. Ó ti ìka bọ ọ́ìlì tí ó kù nínú rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn. Kò sí ìdán irin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ó wo orí bóòtì kọ̀ọ̀kan bóyá sípánà ti jẹ ẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tí a ti tú lẹ́ẹ̀mẹrin ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Níkẹyìn, ó wọn ihò tí bóòtì yóò gbà mọ́ férémù. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ni ó bá gbogbo férémù mu. Àwọn kan a máa pe wẹ́dà kí ó jó irin mọ́ férémù kí èyí tí kò bá a mu lè jókòó. Àwọn tí irú férémù bẹ́ẹ̀ ti dá sí méjì mọ́ lórí eré kì í sábà lè sọ ìtàn rẹ̀.

Owó ni ó kù. Ọmọkùnrin náà kò fẹ́ kí Alàájì gbọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé yóò gba alùpùpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kọ̀ láti fọwọ́ kan bóòtì kan títí tí yóò fi lọ. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dákun, Alàájì, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.”

Alàájì bínú títí, ó ní, “Ìwé ọkọ̀ ṣì wà lórúkọ mi. Bí o bá fi ẹ́ńjìnnì olè sí i, ilé ta ni ọlọ́pàá yóò wá? Mú rìsíìtì náà wá kí n rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lè fún ọ.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ wáyà bàtírì, wọ́n ti bẹntiróò pa, wọ́n tú ọ́ìlì dànù, wọ́n yọ sàlẹ́ńsà, kàbúrétọ̀, ṣéènì àti okùn kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni méjì gbé òkú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n sì gbé èkejì sípò rẹ̀. Mẹkáníìkì kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fún bóòtì kankan pinpin títí tí gbogbo wọn fi wọ ihò wọn, nítorí bí a bá ti kọ́kọ́ fún ọ̀kan, ìyókù kì í wọlé dáradára. Ó fi fílítà tuntun sí i, ó da ọ́ìlì tuntun sí i. Kíìkì kẹta ni ẹ́ńjìnnì náà fi jí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó tún da ọ́ìlì náà nù kí ìdọ̀tí àtijọ́ lè bá a jáde. Ìnáwó yìí dun ọmọkùnrin náà ju owó ẹ́ńjìnnì lọ, ṣùgbọ́n ó san án.

Alàájì fúnra rẹ̀ mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ láti kọ nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ní ti ẹ́ńjìnnì tí ó kú, àwọn tí ń ra irin àlòkù fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì san owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Irin fúyẹ́ tí a fi ṣe ilé ẹ́ńjìnnì ni àwọn tí ń rọ ìkòkò ń yọ́ nínú iná, inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ro láfún ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò.