Ọ̀mì Mẹ́fà

Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ní Mowo, àwọn ọmọkùnrin á gbé òkúta mẹ́rin kalẹ̀ lórí iyanrìn, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, wọ́n á sì pín ara wọn sí sẹ́tì ẹlẹ́ni márùn-ún. Ẹyọ góòlù kan ti tó. Sẹ́tì tí wọ́n bá gbá a sílé rẹ̀ á jáde, òmíràn á wọlé. Sẹ́tì tó borí á dúró de ẹni tó ń bọ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí góòlù ò wọlé, àwọn méjèèjì ló máa jáde. Ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọmọ JSS 2 kan ti pè mí dúró. Ó ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan gbá líìgì ní Jámánì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìpàdánù. "Tíṣà, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n wìn." Mo ní rárá o, mẹ́fà wà níbẹ̀ tí wọn ò wìn. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tirẹ̀, sẹ́tì tí ò bá ti wìn, ó ti jáde nìyẹn. Mo wá igi, mo lóṣòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí iyanrìn. Ẹ̀yin náà ẹ mú ìwé àti bírò, ká jọ fà á.

Ohun mẹ́ta péré ló lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lórí pápá: kó borí, kó pàdánù, tàbí kó ta ọ̀mì. Ìdí ọpọ́n ayò ni a ti yá ọ̀rọ̀ ọ̀mì yẹn. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n. Bí oníkálukú bá kó 24, ọ̀mì ni, kò sí ọ̀ta, kò sí òpè. Nítorí náà, bí a bá ní ẹgbẹ́ kan kò pàdánù, ohun tí a sọ ò ju pé gbogbo ìdíje rẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà méjì yòókù. Mélòó ló borí, mélòó ló ta ọ̀mì? Ẹni tí kò bá béèrè èyí kò tíì mọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ́ náà.

Ìdíje pàápàá ò rí bákan náà. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, bó bá ti dé ìpele tó kẹ́yìn, ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé ló ń lọ. Ẹgbẹ́ tó gbé ife níbẹ̀ kò lè ṣe kó má jẹ́ ẹni tí wọn ò nà. Bí wọ́n bá ti nà án, ta ni yóò fún un ní ife? Líìgì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú Bundesliga, líìgì Jámánì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á pàdé àwọn 17 yòókù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lájò, àpapọ̀ 34. Láti oṣù kẹjọ títí wọ inú oṣù karùn-ún ọdún kejì ni. Ẹlòmíràn á ṣeṣe, òmíràn á gba káàdì pupa, yìnyín á bọ́, ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á sì ṣàdédé gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó jẹ oògùn. Nínú líìgì, o lè pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún kó o ṣì gba ife. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìròyìn bí ẹnì kan ò bá pàdánù rárá.

Ó kan póìǹtì. Ẹni tó borí gba mẹ́ta, ẹni tó ta ọ̀mì gba ẹyọ kan, ẹni tó pàdánù gba òdo. Tẹ́lẹ̀ rí, méjì ni ẹni tó borí ń gbà. Ní 1995 ni Jámánì sọ ọ́ di mẹ́ta, kí ọ̀mì má baà máa dùn mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ lọ wá mẹ́ta, ẹ bọ̀ pẹ̀lú ọ̀kan: méjì ti ṣòfò lọ́nà.

Ìlà tí mo wá fà nìyí. Bayer Leverkusen, sáà 2023 sí 2024: ìdíje 34, wọ́n borí 28, ọ̀mì 6, àdánù 0. Góòlù 89 ni wọ́n gbá wọlé, wọ́n gbá 24 sílé tiwọn. Ìlọ́po 28 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 84. Ẹ fi 6 kún un, ó di 90. Stuttgart tó ṣìkejì ní 73. Bayern Munich, tó ti gba líìgì náà fún ọdún 11 léraléra, ní 72.

Ọmọ náà ní ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n ṣáà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Bayer ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣe oògùn Aspirin. 1904 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì tíì gba líìgì rí títí di 2024. Ìnagijẹ tí àwọn ará Jámánì fi ń bú wọn ni Vizekusen. "Vize" yẹn, igbákejì ni. Ní 2002, ó ku ìdíje mẹ́ta kí líìgì parí, Leverkusen ló wà lókè pẹ̀lú póìǹtì márùn-ún, Dortmund sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n pàdánù àṣekágbá ife Jámánì. Wọ́n pàdánù àṣekágbá Champions League sọ́wọ́ Real Madrid. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣìkejì láàárín oṣù kan! Nígbà tí Xabi Alonso dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù kẹwàá 2022, ipò 17 nínú 18 ló bá wọn.

Àwa náà ní èèyàn níbẹ̀. Victor Boniface, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, ni agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn. Norway ló kọ́kọ́ lọ, sí Bodø, níbi tí ọ̀sán ti máa ń kúrú gan-an nígbà òtútù. Eékún rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọjá sí Belgium, kó sì dé Leverkusen ní 2023. Nathan Tella, tí wọ́n bí ní Stevenage ní England, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní báyìí, ẹ gbàgbé àwọn 28 tí wọ́n borí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá lè na ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀mì mẹ́fà yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi wò, torí àwọn ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n nà wọ́n ló wà níbẹ̀.

Èkíní, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, 2023, nílé Bayern. Harry Kane gbá ti Bayern wọlé ní ìṣẹ́jú keje. Grimaldo ti Leverkusen fi fíríkíìkì dá a padà. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 86, Bayern tún gbá òmíràn. Àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà àtilọ sílé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn 90, pẹnáritì. Palacios gbá a wọlé. 2-2.

Èkejì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, Dortmund. Ìṣẹ́jú karùn-ún ni góòlù ti wọ ilé Leverkusen, wọ́n sì ń lé e títí di ìṣẹ́jú 79 kí Boniface tó dá a padà. 1-1. Ẹ̀kẹta, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, nílé Stuttgart: Stuttgart ló ṣíwájú, Florian Wirtz dá a padà kété tí wọ́n ti ìsinmi dé. 1-1.

Ẹ̀kẹrin nìkan ni kò ní góòlù: 0-0, Gladbach, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, 2024. Ẹ bi mí léèrè ibi tí Boniface wà. Ó ti ṣeṣe ní ibùdó tí Super Eagles ti ń múra sílẹ̀ fún Ife Áfíríkà. Kò lọ sí Ivory Coast, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún Leverkusen mọ́ títí oṣù kẹrin fi wọlé. Láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Tapsoba ti bá Burkina Faso lọ, Kossounou bá Ivory Coast, Adli bá Morocco. Leverkusen ń kọlu ilé Gladbach, kò wọlé. Mo fẹ́ràn ọ̀mì yìí ju márùn-ún yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún wò. Ẹgbẹ́ tí kò lẹ́ni tó máa gbá góòlù lọ́jọ́ náà rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò gbá sílé òun.

Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà wáyé lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ife tán. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ni wọ́n na Werder Bremen ní 5-0, tó sì ku ìdíje márùn-ún. Boniface ló fi pẹnáritì gbá èkíní, Wirtz gbá mẹ́ta, àwọn olólùfẹ́ wọn ò sì dúró de fèrè kí wọ́n tó ya wọ pápá. Ẹlòmíràn á ti jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Dortmund gbá ti wọn wọlé ní ìṣẹ́jú 81. Ìṣẹ́jú keje lẹ́yìn 90, wọ́n gba kọ́nà, Stanišić fi orí kàn án wọlé. 1-1. Ní ọjọ́ 27, Stuttgart gbá méjì ṣáájú. Adli dá ọ̀kan padà, Andrich dá èkejì padà ní ìṣẹ́jú kẹfà lẹ́yìn 90. 2-2.

Ẹ kà á. Nínú mẹ́fà, márùn-ún ló jẹ́ pé wọ́n ti gbá góòlù sílé wọn ṣáájú. Ẹ yọ ìṣẹ́jú tó lé lórí 90 kúrò nínú mẹ́ta, àdánù mẹ́ta ni ẹ máa rí nínú ìlà yẹn dípò òdo. Àwọn kan ń pè é ní oríire. Èmi ò gbà. Oríire kì í wá ní agogo kan náà léraléra. Ohun tí mo rí ni pé wọn kì í sáré gbá bọ́ọ̀lù sókè bí àkókò bá ti ń lọ, bí àwọn ọmọ wa ti máa ń ṣe. Wọ́n á ṣì máa fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù kéékèèké, wọ́n á máa fà á wá síbi ilé alátakò títí ẹnì kan níbẹ̀ á fi ṣìṣe.

Ọmọ náà ní, "Ọ̀mì dára nìyẹn o, Tíṣà." Mo ní ó kù díẹ̀. Ní Ife Àgbáyé 2010 ní South Africa, New Zealand ta ọ̀mì pẹ̀lú Slovakia, wọ́n ta á pẹ̀lú Italy, wọ́n ta á pẹ̀lú Paraguay. Mẹ́ta nínú mẹ́ta, póìǹtì mẹ́ta, wọ́n sì lọ sílé. Àwọn nìkan ni kò pàdánù nínú gbogbo ẹgbẹ́ 32. Spain tó gba ife náà pàdánù ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ Switzerland! Ní Italy, Perugia gbá ìdíje 30 ní sáà 1978 sí 1979 láìpàdánù ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀mì 19 ló wà níbẹ̀. Milan tó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta ló gba líìgì. Arsenal ti 2003 sí 2004, tí Kanu Nwankwo wà nínú wọn, borí 26, wọ́n ta ọ̀mì 12, kò sí àdánù. Ẹ ṣírò rẹ̀: 90 lẹ máa rí, bíi ti Leverkusen. Ṣùgbọ́n ìdíje 38 ni Arsenal fi kó tirẹ̀ jọ, 34 ni Leverkusen.

Kí ẹ tó bi mí: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n padà na Leverkusen. Nínú gbogbo ìdíje tí wọ́n gbá lọ́dún yẹn, líìgì àti ife, 51 kọjá láìsí àdánù. Ẹ̀kejìléláàádọ́ta ni àṣekágbá Europa League ní Dublin, ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, 2024, pẹ̀lú Atalanta. 3-0. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú 75. Adémọ́lá Lookman ni, tí wọ́n bí ní Wandsworth nílùú London. Gbogbo Yúróòpù wá ẹni tó máa na Leverkusen tì, ọmọ tó ń jẹ́ Adémọ́lá ló nà wọ́n. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọ náà fò sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ pa ìlà mi rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Dublin, Leverkusen na Kaiserslautern ní 1-0, wọ́n gba ife Jámánì mọ́ líìgì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Juventus, sáà 2011 sí 2012, ìdíje 38: wọ́n borí 23, ọ̀mì 15, àdánù 0. Póìǹtì mélòó ni wọ́n kó, mélòó ló sì ṣòfò? Bí ẹ bá rí 84 àti 30, ẹ ti gbọ́ mi. Bí ẹ bá rí 99, póìǹtì méjì-méjì lẹ fún ọ̀mì; ẹ padà sí ìlà náà.