Inú Rírun Tí Kò Tán Lẹ́yìn Ìgbẹ́ Gbuuru
Ìgbẹ́ gbuuru lè lọ tán, kí inú ṣì máa run wá fún oṣù púpọ̀: lónìí ìgbẹ́ ṣàn, lọ́la ó gan. Nínú ẹni 10 tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ mú, ó tó ẹni 1 tó ń rí i. IBS ni àwọn dókítà ń pè é. Kòkòrò ti lọ, ṣùgbọ́n fún àwọn mìíràn ara ìfun ṣì wú díẹ̀, ó sì ń ta iṣan ibẹ̀ jí. Flagyl tí à ń gbé mì bí ẹ̀pà (àwa náà ṣe é rí) kò wo èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹ ń rù, IBS kọ́ nìyẹn o. Ẹ ti ìsọ̀, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.