Káyọ̀dé, Ta Ló Ń Lé Ọ?

Thamesmead, London.

Káyọ̀dé ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó wa ńkọ́, ọmọ àtàtà tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pe ìyàwó mi? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé Táyé ti fi àṣà àìjẹun yẹn sílẹ̀? Kẹ́hìndé tó ń wúkọ́ nígbà Ọdún Àjíǹde ńkọ́, ṣé àyà rẹ̀ ti fúyẹ́? O kú òtútù Coventry, o kú iṣẹ́ òru, o kú owó ilé tí wọ́n tún fi kún. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ o. Àwa náà wà níbí, ara kò le bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n a ń dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, kí n sì rán ọ létí kúlà tí o yá lọ sí ìnáwó Bísí. Mo ti jíṣẹ́.

Ìyá rẹ pè mí láti Ẹ̀pẹ́ lóru Sátidé. Ẹkún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan (o mọ ẹni náà, o sì mọ ẹnu rẹ̀) ló wá bá wọn nísọ̀ pé Káyọ̀dé ti ń kó ìyàwó àtọmọ sùn nínú mọ́tò nílùú òyìnbó. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣàlàyé pé fàájì ni àwọn òyìnbó ka ìyẹn sí, pé owó gidi ni wọ́n fi ń yá mọ́tò oníbẹ́ẹ̀dì tí sítóòfù àti ṣáláńgá wà nínú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣáláńgá? Nínú mọ́tò kan náà tí wọ́n ti ń dáná?” Mi ò rí èsì fọ̀. Jọ̀wọ́, pè wọ́n lálẹ́ òní kí ọkàn wọn balẹ̀.

Bísí ló wá tú àṣírí ìyókù fún mi. Ó ní campervan ńlá lo fẹ́ yá lóṣù Kẹfà, pé ọjọ́ márùn-ún lẹ fẹ́ fi yí òkè Scotland po, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NC500, láti Inverness padà sí Inverness. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lo sì fẹ́ fi wà á. Káyọ̀dé!

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti láísẹ́ǹsì, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Oṣù méjìlá péré ni òfin ibí yọ̀ǹda fún ẹni tó wá gbé níbí láti máa fi láísẹ́ǹsì ilé wa wakọ̀. Ìwọ ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá ṣe pàṣípààrọ̀ láísẹ́ǹsì. Bí èèyàn fi ogún ọdún wa ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò, ìdánwò ni yóò tún lọ ṣe. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́, ó dun èmi náà nígbà tèmi. Àmọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà, àwọn oníinṣọ́ránsì kò ní mọ̀ ọ́ rí. Ìyàwó wa ti yege tirẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ síbi ìdánwò. Kí òun wà á. Ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, máa wo máàpù, kí o sì pa ẹnu mọ́. Kí ẹ tètè béèrè ọjọ́ orí tí àwọn tí ń yáni lọ́kọ̀ ń fẹ́, àti iye ọdún tí láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á.

Kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá ṣe? Láísẹ́ǹsì tí ìyàwó wa ní, 3,500 kílò ló mọ. Àwa tí a yege ṣáájú ọdún 1997 ni wọ́n fún láṣẹ dé 7,500 kílò, èmi náà sì jẹ́ kí tèmi bọ́ nígbà tí mo pé àádọ́rin ọdún, torí mi ò lè máa lọ tọrọ ìwé lọ́dọ̀ dókítà. 3,500 kílò yẹn, àtọkọ̀ àtohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n pọ̀: ẹ̀yin, gáàsì, omi, ẹrù. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tí ẹ bá pọn omi kún táǹkì, tí ẹ wá kó gàrí, ìrẹsì àti iṣu tí mo mọ̀ pé ẹ máa kó lé e, ẹ wo ohun tí yóò kù. Nítorí àwọn ìbejì, bẹ́líìtì ni kí o kà, má ka bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí èèyàn mẹ́rin lè sùn sínú wọn, tí ìjókòó oníbẹ́líìtì wọn ò sì tó mẹ́rin.

Mo wa bọ́ọ̀sì ní London títí irun mi fi funfun, àmọ́ ọ̀nà òkè yẹn le lójú mi. Apá púpọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á. Wọ́n wá fẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ kí èèyàn lè yà fún ẹlòmíràn. Passing place ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá wà lápá òsì yín, ẹ yà sí i. Tó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ yà sí i. Tí ọkọ̀ bá tò sẹ́yìn yín, ẹ yà kí wọ́n kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, fàájì kọ́ ni wọ́n bá jáde. Ẹ má ṣe páàkì síbẹ̀ kí ẹ máa dín dòdò o. Òkè kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Bealach na Bà, lójú ọ̀nà Applecross, ó ga tó 626 mítà. Pátákó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ àti fún ọkọ̀ ńlá pé kí wọ́n má gùn ún. Ìwọ nìyẹn lẹ́ẹ̀mejì lórí pátákó kan.

Àyíká náà lódindi, 516 máìlì ni. Ọjọ́ márùn-ún! Ta ló ń lé ọ?

O mọ̀ pé bàbá rẹ wá kí mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ọ̀nà yẹn ní NC500, torí ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò yẹn ṣì wà ní pálọ̀ yín, èyí tí wọ́n ti wọ jákẹ́ẹ̀tì mi tó há mọ́ wọn lára. Mo yá ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì, mo sì kọ ètò sínú ìwé: ibí ní aago mẹ́sàn-án, ọ̀hún ní aago méjìlá, iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ò tíì kúrò lára mi. A dé Ullapool. Ìlú ẹja ni, torí ẹja herring ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1788. Mo ti sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń kún omi ibẹ̀ láti ra ẹja Titus. Ẹja Titus! Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ni ẹ̀gbọ́n mi, ìdí agbọ̀n ẹja ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n rí àwọn ọkùnrin méjì tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, wọ́n ní kí n dúró, kí àwọn wo bí òyìnbó ṣe ń so ojú àwọ̀n. Mo ní, “Bùọ̀dá, a ti pẹ́, a óò yà nígbà tá a bá ń bọ̀.” Ọ̀nà mìíràn la gbà bọ̀. Àbúrò ni mí, wọ́n lè pàṣẹ fún mi, wọn ò pàṣẹ. Wọ́n kàn yí gíláàsì sókè ni. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọn ò dárúkọ Ullapool létí mi mọ́, èmi náà ò sì lẹ́nu láti dárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má yí ibì kankan po. Ẹ gba Inverness lọ sí Ullapool tààrà, kò pé 60 máìlì. Ẹ sun ibẹ̀, ẹ tún un sùn. Tí ara bá gbà á, ẹ gba Kylesku gòkè lọ sí Durness, kí àwọn ọmọ wo ihò Smoo, kí ẹ sì gba ibi tí ẹ gbà lọ padà. Bísí á ní àfi kí ẹ lọ ya fọ́tò ní John o' Groats. Ẹ dá a lóhùn pé ibẹ̀ kọ́ ni òpin ilẹ̀; Dunnet Head ló lọ síhà àríwá jù.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé ní Scotland, ibi tó bá wu èèyàn ló lè sùn. Òfin ọdún 2003 tí wọ́n ń tọ́ka sí kò kan ọkọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti oníkẹ̀kẹ́ ló wà fún. Ẹ sanwó ọgbà tí wọ́n ń gba ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, kí ẹ tètè san án torí oṣù Kẹfà, ẹ ó rí iná mànàmáná níbẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ máa da ìgbẹ́ sí. Ìwọ ni kí o máa dà á, kì í ṣe ìyàwó wa. Má dà á sígbó, má dà á sí gọ́tà.

Mo mọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹran sísun. Bó ti wù kí òjò pọ̀ tó, má gbé àdògán eléèédú wọnú ọkọ̀, bí iná inú rẹ̀ tilẹ̀ ti kú. Èéfín kan wà tí imú ò lè gbọ́, ó ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ̀rọ tí ń ké tí èéfín yẹn bá wà nínú ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń yáni lọ́kọ̀.

Kantíkantí ibẹ̀, midge ni wọ́n ń pè é, ń jẹni láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án, pàápàá nírọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá tutù tí atẹ́gùn ò sì fẹ́. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀ lóṣù Kẹfà, oòrùn ṣì máa ń wà lókè ní aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà ẹ wá aṣọ dúdú bo fèrèsé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Táyé ò ní sùn. Tí epo bá ti dé ìdajì táǹkì, ẹ rà á níbi tí ẹ bá ti rí i, ilé epo jìnnà síra wọn.

Tí o bá ti san àsansílẹ̀ ọkọ̀ ńlá yẹn, pè wọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n fi kékeré pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti fi 150 pọ́n-ùn ránṣẹ́ fún owó ọgbà Ullapool. Àkáǹtì ìyàwó wa ni mo fi í sí, kì í ṣe tìrẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré.