Bí A Ṣe Ń Kó Ẹgbẹ́ Jọ fún Eré Akọni Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ máa darí eré akọni Dungeons & Dragons ti àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀n níhìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni bá mi ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974 kì í sì í ṣe àdáṣe, nítorí náà, kí ẹ tó ké sí ẹnikẹ́ni lórí ìkànnì ìtàkùrọ̀sọ Discord, ẹ kọ ìwé ìpè tí yóò sọ ìwé òfin tí ẹ ó lò, bí irú ti Tom Moldvay ti ọdún 1981, ọjọ́ àti wákàtí, àti aago ìlú tí ẹ ń tẹ̀ lé.

Ẹ má fi ewu inú eré náà pamọ́ nínú ìwé ìpè yìí. Nínú òfin Moldvay, oṣó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní ju ọfọ̀ kan lọ, dáìsì olójú mẹ́rin ni a sì fi ń mọ iye ẹ̀mí rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé idà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè rán an lọ sí àrèmábọ̀. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ má sì di ìwé òfin Moldvay olójú-ewé 64 náà ru àlejò: ẹ ṣẹ̀dá akọni mélòó kan sílẹ̀, kí olúkúlùkù mú èyí tí ó wù ú, kí ìrìn àjò àkọ́kọ́ sì parí lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹni mẹ́rin ni ẹ ń fẹ́, ẹ pe mẹ́fà, nítorí gbogbo ẹni tí ó jẹ́ hòo kọ́ ni yóò dé.